Bébà Tí A Fi Gé Kọ́là

Ọmọ ọdún méjìlá ni ọmọ télọ̀ tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ nígbà tó ṣe é. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfin pé àwọn tó ń gbé yàrá kan yóò rí ilé gbà ní owó pọ́ọ́kú. Bíríkìlà tí wọ́n jọ ń gbélé ní kó bá òun mú fọ́ọ̀mù òun lọ sí káńsù pẹ̀lú ti télọ̀, ìyá rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Síméńtì, ọmọ bíríkìlà, ti sọ pé, "Yàrá tèmi á ní fèrèsé méjì." Síméńtì yìí kan náà ló ń gba ipò kìn-ín-ní ní kíláàsì, tí télọ̀ kì í yéé yìn. Ọ̀rọ̀ náà ta Abẹ́rẹ́ lára bí ata. Ó fi fọ́ọ̀mù ìyá rẹ̀ jíṣẹ́, ó ki ti bíríkìlà sáàárín àwọn bébà tí ìyá rẹ̀ fi ń gé àwòṣe aṣọ.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Abẹ́rẹ́ àti ìyá rẹ̀ ń gbé ilé tuntun. Bíríkìlà tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ògiri ilé náà ṣì wà nínú yàrá kan tó ń jò. Síbẹ̀, Síméńtì ló ń rẹ́rìn-ín jù, ìyẹn náà ń dun Abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ tí káńsù máa gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn, bíríkìlà wá bá wọn lẹ ògiri tó lanu. Síméńtì tẹ̀ lé e, kí télọ̀ lè rán yúnifọ́ọ̀mù fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ fọ́ọ̀mù yìí," télọ̀ bẹ̀ ẹ́. "Aago mẹ́rin ni wọ́n máa tìlẹ̀kùn."

"Akọ̀wé káńsù tó jẹ fọ́ọ̀mù mi àkọ́kọ́ kò tíì yó? Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá."

"Bàbá, ọkùnrin yẹn ti fẹ̀yìn tì," Síméńtì ní.

"Òun ló fẹ̀yìn tì. Ìbínú mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́."

Télọ̀ fa àwòṣe kọ́là kan yọ, ó yí i padà. Ìtẹ̀ka bíríkìlà wà lẹ́yìn bébà náà, pẹ̀lú àpá tó la àtàǹpàkò rẹ̀ sí méjì.

"Ẹ̀gbọ́n, fọ́ọ̀mù yín rèé. Àṣé èmi ni mo fi gé kọ́là." Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú. Èmi ni mo gbàgbé ẹ̀ síbí."

Abẹ́rẹ́ wo aago. Ó ti kọjá mẹ́ta. Bó bá dákẹ́, ìyá rẹ̀ ti gba ẹ̀bi náà rù.

"Ìyá mi kọ́," ó ní. "Akọ̀wé náà kọ́. Èmi ni mo fi í pamọ́, Bàbá. Owú ni mo jẹ. Ilé pọ̀ tó fún gbogbo wa. Owú mi ò fi nǹkan kan kún tèmi, tiyín nìkan ló gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ka. Màá sáré gbé e lọ, kí Síméńtì tẹ̀ lé mi, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i."