Orí Síkáànù Tó Jábọ́ ní Bẹẹrẹ

"Ẹ gbà mí, ṣé ọmọ mi wà dáadáa?" Ìyá Obed béèrè lórí bẹ́ẹ̀dì.

Àǹtí Olúbùnmi ló ń ṣe síkáànù fún un. Ó ń yí orí síkáànù kiri lórí ikùn aboyún náà, ó sì tẹjú mọ́ fóònù tí àwòrán ń yọ sí. Ibi tó yẹ kí ọkàn ọmọ ti máa lù, òkùnkùn ló wà níbẹ̀.

Lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni Adéyẹ́misí dúró sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Àǹtí ni. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú, ìyẹn ló fi wá lo ìsinmi ilé-ìwé ní ṣọ́ọ̀bù síkáànù yìí ní Bẹẹrẹ. Lánàá tí Àǹtí lọ sí Ọjà'ba, ọwọ́ ọmọ yìí kò gbélé. Ó fi jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń ṣe síkáànù ra ọrùn, ó ní òun fẹ́ wo iṣan ara òun. Àfi gbàù! Orí síkáànù yọ̀ bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Ó yára tàn án wò, iná tàn, ara rẹ̀ kò sì sán. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ló bá pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

"Mi ò rí i kí ọkàn ọmọ máa lù," ni Àǹtí wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ jẹ́ n pe dókítà. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbé e jáde."

Ìyá Obed bú sẹ́kún.

Adéyẹ́misí mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè lé òun padà sílé ní Beyerunka lónìí. Síbẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè wọ́n! Orí síkáànù yẹn jábọ́ lọ́wọ́ mi lánàá."

Àǹtí wò ó bí ẹni fẹ́ gbé e mì. Ó gbé orí síkáànù náà lé apá ara rẹ̀. Òkùnkùn yẹn tún yọ, ní ibi kan náà lójú fóònù.

"Inú rẹ̀ ló bàjẹ́! Àwọn awọ tín-ín-tìn-ín ló ń gbọ̀n nínú rẹ̀ tó ń rán ìró wọ ara. Wọ́n lè kú kí ara òde ṣì máa dán."

Ó fa ẹ̀rọ síkáànù àtijọ́ tó wà ní kọ̀rọ̀ jáde, ó tún ikùn yẹ̀ wò. Kì-kì-kì-kì!

"Ọkàn rẹ̀ ń lù! Ọmọ yín tún ń tàpá!"

Ìyá Obed ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ara tu Adéyẹ́misí níbi tó kúnlẹ̀ sí.

"Ẹ forí jì í," ni Ìyá Obed wí. "Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

Àǹtí kò lé e, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́ títí ilé-ìwé fi wọlé. Ilẹ̀ ló ń nù. Kò ráhùn, torí ó ti mọ̀ pé àṣìṣe tí a bá fi pamọ́ kì í mọ lórí ẹni nìkan. Ọmọ ọlọ́mọ ni ì bá fi ẹ̀mí san án.