Ọjọ́ Tí Wọ́n Sin Àáké

Àáké mẹ́tàlélógójì ni wọ́n kó wá síwájú àgọ́ ọ̀gágun òyìnbó láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ sì gbẹ mọ́ ẹnu òmíràn. Ọdún kẹta rèé tí agégi òkè odò àti ti ìsàlẹ̀ odò ti ń ṣá ara wọn pa nítorí igbó kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó kí ẹnìkan kú àárọ̀.

Ògbufọ̀ dúró láàárín nínú ẹ̀wù dúdú ìjọba. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ni olórí agégi òkè odò.

Ọ̀gágun ní òun pè wọ́n wá parí ìjà, kí wọ́n sin àáké. Ògbufọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ó là á yé wọn.

"Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn nìyẹn. Ìjà ló ní kí ẹ sin, kì í ṣe irin."

Àgbà kan láti ìsàlẹ̀ odò rẹ́rìn-ín, ó ní òyìnbó tó bá sin àáké, ṣé ẹnu ni yóò máa fi gé igi? Nígbà tí ọ̀gágun gbọ́ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n kúkú sin irin mọ́ ìjà, kí ojú lè rí ohun tí ẹnu wí. Ni wọ́n bá gbẹ́ kòtò.

Ẹ̀gbọ́n fa ògbufọ̀ sẹ́yìn. "Àbúrò, àáké ni ọwọ́ agégi. Ṣé ọkùnrin yìí ṣeé fọkàn tán?"

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti bá a ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi orí mi ṣe onídùúró rẹ̀ fún yín."

Ẹ̀gbọ́n ju àáké tirẹ̀ sí kòtò, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Wọn ò tíì tẹ yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ tán tí àwọn ṣọ́jà ọ̀gágun fi dìde sí wọn. Ìdí ìbọn ni wọ́n fi ń fọ́ àgbọ̀n èèyàn. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀, ó ń fi èékánná họ ilẹ̀ láti yọ àáké. Ọta bà á lẹ́yìn, ó dojú bolẹ̀ lórí kòtò náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì rin yẹ̀pẹ̀ gbingbin.

Kí ẹnikẹ́ni má pe ìyẹn ní àlàáfíà fún mi. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ló ń bọ̀, ìjọba sì ń wá ẹni tí yóò gé igi rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀gágun ní kí ògbufọ̀ sọ fún àwọn tó kù pé ẹrú ìjọba ni wọ́n láti òní lọ. Ó sọ ọ́. Àgbà ìsàlẹ̀ odò tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan gbé ojú sókè, eyín ti dà nù lẹ́nu rẹ̀.

"Ọmọ wa, ṣé àfiwé náà nìyí, àbí bó ṣe wí i ló rí?"

"Bó ṣe wí i ló rí, bàbá."

Ògbufọ̀ lọ tò sẹ́yìn wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan pè é. Òun nìkan ni kò mọ igi í gé nínú wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, igi wó pa á. Kí ọdún tó yípo, ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá níbẹ̀.