Màrìwò Ẹnu Ibú Kì í Ṣe Òrìṣà

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà mú gan-an. Odò Mónò tó máa ń kún bo bèbè ti fà, ó gé sí ibú kéékèèké láàárín àpáta. Ẹja wọ́n lọ́nà Elavagnon nílẹ̀ Tógò, àwọn òṣìṣẹ́ tí Faransé kó wá la ojú irin kọjá Atakpamé sì ń wá ẹja yíyan lójú méjèèjì.

Pauline ló ń yan ẹja ní abúlé kan létí odò náà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Kò sí ohun tó ń bí i nínú tó kí ààrò rẹ̀ wà lásán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kọjú sí Gérard ọkọ rẹ̀ tó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Bàbá Antoinette, ẹja ń fò nínú ibú ńlá nì, ẹ jókòó síbí. Ta lẹ ń dúró de?"

"Wọ́n ti so màrìwò sí i. Àwọn àgbà kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

"Háà! A ti ṣèrìbọmi, ẹ ṣì ń bẹ̀rù òrìṣà ẹnu ibú? Ṣé kí n fẹjọ́ yín sun Fadá ni?"

Gérard fọwọ́ họ orí. Òun náà kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń so màrìwò yẹn. Ìyá rẹ̀, Àpọ̀kẹ́, ni ìbá bi, ṣùgbọ́n ìyá wà ní Atakpamé, ó ń bá ọmọbìnrin rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun. Ọkùnrin náà bá gbà fún ìyàwó rẹ̀.

Pauline fọwọ́ ara rẹ̀ já màrìwò náà, ó jù ú síná. Wọ́n gún ewé olóró tí í mú ẹja dákú, wọ́n dà á sínú ibú. Kò pẹ́ tí ẹja fi ń léfòó, ńlá àti kékeré, abo tó lẹ́yin nínú àti ọmọ tí kò tó ìka. Wọ́n ṣa èyí tó ṣe é yan, ìyókù jẹrà sínú omi. Inú Pauline dùn lọ́jọ́ náà, orin ló ń kọ nídìí ààrò. Ó ṣeni láàánú pé kò sẹ́ni tó dá a dúró.

Òjò dé, Mónò kún. Gérard ju àwọ̀n, ewé àti igi ló fà jáde. Ó lọ jù ú nísàlẹ̀ odò, kò rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn ará abúlé òdìkejì odò. Abúlé méjèèjì wá ń fi ata lásán jẹ ọkà.

Nígbà tí Ìyá Àpọ̀kẹ́ dé tó gbọ́, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi béèrè pé, "Ta ló já màrìwò?"

Pauline kúnlẹ̀. "Èmi ni, Ìyá. Mo rò pé òrìṣà ni."

"Òrìṣà wo? Ààlè ni! Àwa àti àwọn ará òdìkejì la jọ ń pa á. Bí odò bá gbẹ, ibú yẹn nìkan ni ẹja ń sá sí. Àwọn tó bá là á já níbẹ̀ ló ń bímọ kún gbogbo odò nígbà òjò. Bí omi bá ti kún, a ó jọ tú u, kálukú á máa pẹja tirẹ̀. Èmi tí mo ṣèrìbọmi ṣáájú rẹ, mo wà lára àwọn tó ń so ó."

"Ẹ ò sọ fún mi rí, Ìyá."

Ìyá Àpọ̀kẹ́ mí kanlẹ̀. "Òótọ́ ni. Mo rò pé gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Èmi náà jẹ̀bi."

Òun, Gérard àti Pauline sọdá lọ bẹ Ọ̀ṣuntókí, olórí apẹja òdìkejì. Ó fún wọn lómi mu, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Àmọ́ ẹja tẹ́ ẹ pa kì í ṣe tiyín nìkan, mi ò sì mọ ibi tí a ó ti rí òmíràn."

Wọ́n jọ fẹnu kò pé àwọn á tún pa ààlè náà, pé ẹnikẹ́ni kò ní da oró sómi mọ́, àti pé abúlé méjèèjì á máa ṣọ́ ibú. Láti ìgbà náà, ọjà Atakpamé ni Pauline ti ń ra ẹja gbígbẹ tí yóò fi sebẹ̀. Ẹnu ya Sàlímọ́tù tó ń tà á fún un lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá Antoinette, ṣebí ẹ̀yin lẹ ń tà fún wa tẹ́lẹ̀?" Ojú ti Pauline, ó sanwó ẹja rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń gbé létí odò, létí ọ̀sà àti létí òkun, ẹ gbọ́ o. Ibi tí ẹja ń sá sí, tó ń yé sí, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ má da oró sómi rárá. Bí ẹ bá rí ààlè, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin àgbà, ẹ la ọ̀rọ̀ yé ìyàwó ilé àti àlejò, ẹ má rò pé wọ́n ti mọ̀. Kí ẹ sì bá ará òdìkejì ṣe àdéhùn, nítorí ẹja kò mọ ààlà abúlé.

Ẹja padà sí ibú náà nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pauline tún fi ẹja Mónò sórí ààrò, Ìyá Àpọ̀kẹ́ kò sí láyé mọ́ láti jẹ nínú rẹ̀.