Ọ̀pá Ọkọ̀ Ìkẹyìn

"Bàbá, ìyàwó yín ní kí ẹ bọ́ sábẹ́ ibòji."

Awakọ̀ tó jíṣẹ́ yìí fún mi kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó na ọ̀pá pupa kan sí mi láti ojú fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀, mo gbà á, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀. Mo yí pátákó ọwọ́ mi padà, láti ojú pupa sí ojú àwọ̀ ewé, àwọn ọkọ̀ tó ti tò lọ́dọ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nígbà tí ó ku ẹyọ kan, mo fi ọ̀pá náà lé awakọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Sọ fún ìyàwó mi pé ọkọ rẹ̀ kì í ṣe arúgbó," ni mo wí fún un.

Ìyàwó tó ránṣẹ́ sí mi yìí, ọmọ ọmọ mi ni. Láti kékeré ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun náà á pè mí ní ọkọ mi nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, á sì pè mí ní Bàbá àgbà nígbà tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan. Ìyàwó tí mo fẹ́ gan-an kú ní ọdún tó ṣáájú. Ìyá ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá, nítorí náà àwa méjèèjì la kù nínú ilé.

Títì tó so àwọn abúlé wa mọ́ ìlú ńlá ni wọ́n ń tún ṣe nígbà náà. Wọ́n ń fẹ̀ ẹ́, wọ́n ń la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń da ọ̀dà sí i. Ní ìdí òkè, níbi tí ọ̀nà ti yí kọ́nà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀, ọkọ̀ ò lè pàdé ọkọ̀. Èmi dúró ní òpin kan, lápá àwọn abúlé. Ọmọ náà dúró ní òpin kejì, lápá ìlú ńlá. Òkè kò jẹ́ kí a rí ara wa, kò sì jẹ́ kí fóònù ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí Ẹnjiníà fi fún wa ní ọ̀pá.

Obìnrin ni Ẹnjiníà, kì í sì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Awakọ̀ tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ fún lọ́pàá. Bí ọ̀pá ò bá tíì dé ọwọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ kankan wọlé. Bó bá sì ti kúrò lọ́wọ́ yín, ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e, ì báà ṣe ọkọ̀ bàbá mi."

Iṣẹ́ àkókò ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ náà jẹ́ fún ọmọ ọmọ mi. Ọdún kan ló kù fún un nílé ẹ̀kọ́ girama. Àmọ́ Ẹnjiníà ti rí i bó ṣe ń wo àwọn tó ń wọn ilẹ̀, ó sì ti sọ fún un pé bó bá ṣe iṣẹ́ ọ̀pá yìí láìlábùkù, òun á mú un sọ́dọ̀ láti kọ́ wíwọn ilẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá. Lọ́jọ́ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, oúnjẹ rẹ̀ tutù sórí tábìlì. Ó ń fi ṣíbí ya títì fún mi lórí aṣọ tábìlì.

Nítorí kí awakọ̀ má baà gbàgbé ọ̀pá sínú ọkọ̀, ó ya etí gèlè ìyá àgbà rẹ̀ kan, ó so ó mọ́ orí ọ̀pá. Kò bi mí kó tó ya á. Mi ò sì bá a wí.

Àwọn tó ń dúró lọ́dọ̀ mi máa ń bá ara wọn jiyàn. Télọ̀ kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí ọ̀nà níbẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí kì í jáde wá ráhùn.

"Gbogbo owó tí wọ́n ń dà sílẹ̀ yìí," ni télọ̀ wí, "ṣé títì la máa jẹ ni?"

Ìyá Ẹlẹ́yin yọ orí jáde nínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó fi ń kó ẹyin. "Ìwọ ò ní jẹ ẹ́. Èmi ń jẹ ẹ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dí kòtò ibí yìí, ohun tí kòtò ń jẹ nínú ẹyin mi ju ohun tí mò ń tà lọ. Ẹni tó ṣe títì fún mi, adìyẹ mi ló bọ́."

"Ẹ̀yin nìkan nìyẹn."

"Èmi nìkan kọ́. Mo ti kọ́ ilé adìyẹ kejì, mo sì ti gba àwọn ọ̀dọ́ méjì síṣẹ́. Ilé ìwòsàn ìlú ńlá ti ní kí n wá máa kó ẹyin fún àwọn. Bí títì ò bá dáa, ta ni mo fẹ́ kó o fún? Ìwọ?"

Télọ̀ ní òun ò fẹ́ràn ẹyin. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí Ìyá Ẹlẹ́yin máa kọ́kọ́ kó ẹyin lọ sí ilé ìwòsàn náà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi bó ṣe rí ní òpin tirẹ̀.

Ó ti tú àwọn ọkọ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Káfíńtà kan tó gun alùpùpù ló gbẹ̀yìn, òun ló sì fún lọ́pàá. Bí káfíńtà ṣe lọ báyìí ni bọ́ọ̀sì kan dé. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Má-dúró ló ń wà á, ọkùnrin tí kò bẹ̀rù ohunkóhun láyé bí kò ṣe bíréèkì. Àwọn ọmọ kíláàsì ọmọ mi ló kún inú bọ́ọ̀sì náà, wọ́n ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ilé ẹ̀kọ́ kan lápá ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Kọ́ọ̀ṣì ló jókòó síwájú. Kọ́ọ̀ṣì kì í gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tó ń gbá a ló máa ń bú.

"Ìyá Ọ̀pá, yàgò fún wa," ni Kọ́ọ̀ṣì wí.

"Ẹ dúró. Ọ̀pá ti lọ."

"Wo eruku káfíńtà yẹn, kò tíì balẹ̀. A óò lé e bá kó tó yí kọ́nà."

"Wọ́n ní ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e."

"Ta ló ń wò ọ́? Nígbà tí òjò ba ìwé rẹ jẹ́, ìwé ta lo fi kàwé fún ìdánwò? Lónìí o wá di ìjọba."

Ó ní òun ì bá ṣì kọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan sọ láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ arúgbó ló ń bẹ̀rù," gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló yí pátákó ọwọ́ rẹ̀ padà.

Bí wọ́n bá ti lé káfíńtà bá bí wọ́n ṣe wí, bóyá nǹkan kan ì bá má ṣẹlẹ̀. Àmọ́ wọ́n rí katakata ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ilẹ̀, ó dúró létí ọ̀nà, wọ́n sì bọ́ sílẹ̀ láti ya fọ́tò lórí rẹ̀. Káfíńtà dé ọ̀dọ̀ mi ní tirẹ̀. Mo gba ọ̀pá, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Mo yí pátákó padà. Ìyá Ẹlẹ́yin ló ṣáájú, ó juwọ́ sí mi bó ṣe ń lọ.

Mo gbọ́ ìró náà láti ibi tí mo dúró sí. Kì í ṣe ìró ńlá. Mo dá àwọn ọkọ̀ yòókù dúró, mo sì sáré dé ibi tí orúnkún mi lè sáré dé.

Ìyá Ẹlẹ́yin ti bá bọ́ọ̀sì pàdé níbi kọ́nà, ó sì ti darí ọkọ̀ tirẹ̀ sínú gọ́tà kó má baà kọ lù wọ́n. Ẹyin ń ṣàn lórí ọ̀dà tuntun. Ó dúró tì í, ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú.

"Bàbá, ẹ bá mi wo àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì yẹn. Ṣé nǹkan kan ò ṣe wọ́n?"

"Nǹkan kan ò ṣe wọ́n."

"Ó dáa. Ẹ wá jẹ́ kí n sunkún ẹyin mi."

Ẹnjiníà dé. Ọmọ mi náà ti sáré dé láti òpin kejì. Má-dúró ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá yìí ti darúgbó jù. Kò dúró gba ọ̀pá kó tó tú wọn sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́."

Ẹnjiníà kọjú sí mi. "Bàbá, oòrùn yìí le. Ṣé ó dá yín lójú pé ọ̀pá ti dé?"

"Ọ̀pá ti dé kí n tó yí pátákó."

Mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé bí ọ̀pá bá ti dé ọwọ́ mi tí ọkọ̀ sì ṣì wà lójú ọ̀nà, òpin kejì ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ọmọ náà mọ̀ pé mo mọ̀. Ó ń wo gèlè tó wà lórí ọ̀pá lọ́wọ́ mi. Mo rí i tí Kọ́ọ̀ṣì fà á láṣọ, tó ní kó dákẹ́, pé wọn ò lè ṣe arúgbó ní nǹkan kan.

"Ẹnjiníà," ni ó wí, "ẹ má bá ọkọ mi wí. Ọ̀pá ti lọ kí bọ́ọ̀sì yìí tó dé. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n wọlé."

Ẹnjiníà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ní kó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà bọ́ ọ, ó ká a dáadáa kó tó fi lé e lọ́wọ́. "Ọ̀rọ̀ wíwọn ilẹ̀ tí mo bá ọ sọ," ni Ẹnjiníà wí, "mi ò lè mú un ṣẹ mọ́." Ó kọ orúkọ Má-dúró náà sílẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀.

Àwọn tó ń lọ gbá bọ́ọ̀lù rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀. Ọmọ mi nìkan ló kù tó ń pọn omi dà sójú títì, tó ń gbá èèpo ẹyin.

Nígbà tí à ń rìn lọ sílé ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ ti mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ."

A dé ibi kọ́nà náà. Mo fi ọ̀pá tọ́ka sí etí gọ́tà. "Ibí yìí ni ọkọ̀ tó ń gbé ìyá àgbà rẹ lọ sí ilé ìwòsàn rì sí nínú ẹrẹ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá."

A bá tiwa lọ sílé.

Ọwọ́ Ìyá Ẹlẹ́yin wú, kò lè gbé nǹkan. Ilé ìwòsàn sì ra ẹyin lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọmọ náà lọ bá a, ó ní kó jẹ́ kí òun máa gbá ilé adìyẹ.

"Ṣé adìyẹ mọ̀ ọ́?" ni Ìyá Ẹlẹ́yin bi í.

"Wọ́n á mọ̀ mí, mà."

Gbogbo ìyókù ìsinmi náà ló fi ṣe é. Adìyẹ kan wà níbẹ̀ tó ń pariwo kiri, tó ń ṣá àwọn yòókù lórí, tí kì í sì í yé ẹyin. Ó sọ ọ́ ní Kọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọwọ́ Ìyá Ẹlẹ́yin san, àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwòsàn, ọmọ mi sì sọ fún ọ̀gá ilé ìdáná níbẹ̀ pé ẹ̀bi òun ni, kì í ṣe ti ẹlẹ́yin. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ní kí wọ́n kó díẹ̀ wá, kí àwọn wò ó.

Títì parí. Iṣẹ́ ti wá pọ̀ lọ́wọ́ télọ̀ wàyí, ó ń rán aṣọ fèrèsé fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ìlú ńlá. Mo bi í bóyá títì dùn ún jẹ. Ó ní ó dùn, iyọ̀ ló kù díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Ẹnjiníà ń kẹ́rù lọ, ó yà sọ́dọ̀ wa, ó fi ọ̀pá lé ọmọ náà lọ́wọ́. Gèlè ṣì wà lórí rẹ̀. "Títì ò nílò rẹ̀ mọ́," ni ó wí. "Lẹ́yìn ìdánwò, wá bá mi. Mi ò ṣèlérí kankan o. Wá ni mo wí."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a rìn dé ibi kọ́nà. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn kan ń bọ̀ láti ọ̀nà abúlé, ó ń fọn fèrè rẹ̀. Ó kọjá lára wa, ó yí kọ́nà náà láìdúró, ó sì lọ. Mo bọ́ fìlà mi. Ọmọ náà di ọwọ́ mi mú.

"Á dé," ni ó wí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé títì dára. Á gbé ọjà dé ọjà, á mú iṣẹ́ wọ abúlé, á gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n kó tó lè ṣe èyí, àwọn èèyàn kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọn ò ní rú òfin kékeré tí a fi sí wọn lọ́wọ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò wọ́n. Ọ̀rẹ́ tó ní kí o rú u nítorí òun kò ní bá ọ gbá èèpo ẹyin. Bó o bá sì ti ṣì í ṣe, tètè fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà ru ẹrù rẹ.

Ọ̀pá náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa. Bó bá fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, á fọwọ́ kan gèlè yẹn, á ní, "Ọkọ mi, ẹ bọ́ sábẹ́ ibòji o."

Màá sì bọ́ sábẹ́ ibòji.