Ìwé Ìdìbò Tó Wà Nínú Àpò Kóòtù Neville

"Nọ́ńbà keje ni màá fi ọ́ sí, Nev. Èèyàn méje ló ń du ipò náà, ìwọ lo máa kẹ́yìn."

Glenys Truscott ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, pẹ̀lú ìwọ̀nba èémí tí àrùn jẹjẹrẹ ṣẹ́ kù fún un. Neville ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́.

"Rọra sọ̀rọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́. Ṣebí olùdìbò ni wọ́n? Ọlọ́lá, sáré lọ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́."

"Sátidé nìbò, Glen. Tó bá ti parí, ọ̀dọ̀ rẹ ni màá máa sùn."

"Ohun tí o sọ nìyẹn nígbà tí mò ń rọbí Kerryn. Ìbò ìgbà yẹn ti parí láti ọdún mọ́kàndínlógún."

Fóònù dún. Ó jáde lọ gbé e. Nígbà tó padà wọlé, Glenys ti fi nọ́ńbà sí ìwé ìdìbò rẹ̀, ó sì ti lẹ àpòòwé rẹ̀ pa. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Bá mi fi ránṣẹ́," ló wí. "Má ṣí i."

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ti dìbò yan Neville sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Queensland. Ó mọ orúkọ ajá gbogbo àgbẹ̀ ìrèké tó wà lágbègbè wa. Ọdún ìbò nìkan ló ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin irú rẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo mọ̀ yín.

Ọ̀dọ̀ wa, gbogbo orúkọ là ń fi nọ́ńbà sí, láti orí ẹni tí a fẹ́ jù dé orí ẹni tí a kò fẹ́ rí sójú. Tíṣà ni Glenys fún ọgbọ̀n ọdún. Òun ló kọ́ àwọn tó máa ka ìbò yẹn ní ìwé kíkọ, kò sì sí ẹni tí kò mọ bó ṣe ń kọ nọ́ńbà méje, tó máa ń fa ìlà dábùú àárín rẹ̀.

"Wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín ní gbogbo ilé ọtí," ni Neville sọ nínú ọkàn rẹ̀. Ó ti àpòòwé náà bọ àpò inú kóòtù rẹ̀, ó sì wakọ̀ kọjá ilé ìfìwéránṣẹ́ láìdúró.

Nígbà tó di Sátidé, ó wà lẹ́nu géètì ilé ìwé tí wọ́n ti ń dìbò, ó ń fún àwọn olùdìbò ní káàdì tó ń fi bí wọ́n ṣe máa dìbò fún un hàn, òórùn sọ́séèjì àti àlùbọ́sà tí wọ́n ń yan fún títà gba gbogbo ibẹ̀. Sabatino, àgbẹ̀ ìrèké kan tó fẹ́ràn Olúwa, dúró tì í bó ti máa ń ṣe ní gbogbo ìbò. Ní aago mẹ́ta, ọsibítù pè é pé kó tètè máa bọ̀.

"Máa lọ, Nev," ni Sabatino wí. "Èmi á dúró níbí."

"Aago mẹ́fà ni wọ́n ń tìlẹ̀kùn. Tó bá ti lu mẹ́fà, màá lọ."

Glenys kú kí aago márùn-ún tó lù. Kerryn nìkan ló di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Neville wọlé ìbò náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó mú kóòtù náà jáde pé òun yóò wọ̀ ọ́ lọ búra ní Brisbane. Sabatino wà nílé rẹ̀ nígbà tí àpòòwé náà já bọ́. Neville jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, ojú ilẹ̀ ló ń wò.

"Wọn ò lè kà á mọ́ àwọn ìbò yòókù mọ́," ni Sabatino wí. "Ṣí i. Wo ohun tí o sá fún."

Ó ṣí i. Méje tó ní ìlà láàárín wà níbẹ̀ lóòótọ́, níwájú orúkọ ọkùnrin kan tó ń fẹ́ kí wọ́n lé ajá kúrò létí òkun. Níwájú Neville Truscott, nọ́ńbà kìíní.

Neville jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó ti dárí jì mí. Mo fi í sínú àpò."

Sabatino sọ òótọ́ fún un. "Ohun tí o fi Jésù ṣe náà nìyẹn. Láti ọjọ́ yìí lo ti gba ìdáríjì Rẹ̀ tí o kò ṣí i. O rò pé èébú ló wà nínú rẹ̀. Glenys kò lè gbọ́ ọ mọ́, ọ̀rẹ́ mi. Jésù ń gbọ́."

"Ṣé Ó lè gba irú mi?"

"Ìwọ kọ́ ni olè àkọ́kọ́ tó máa gbà."

Neville kúnlẹ̀. "Olúwa, mo jí ìbò ìyàwó mi. Mo jẹ́ kó kú láìsí mi níbẹ̀. Ṣàánú mi."

Ó sì ṣàánú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, Neville kọ lẹ́tà pé òun fi ipò náà sílẹ̀. Ìwé ìròyìn bú u, kò fèsì. Kerryn kò tíì bá a sọ̀rọ̀ títí di òní.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, nọ́ńbà mélòó lo fi Jésù sí? Lẹ́yìn iṣẹ́ ni, àbí lẹ́yìn ọtí? Má sọ fún mi pé tí nǹkan bá ti rọlẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù ni Neville ti sọ irú èyí. Jésù ti kọ orúkọ rẹ síwájú gbogbo orúkọ, ẹ̀jẹ̀ ló fi kọ ọ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Lónìí ni mo wí, kì í ṣe lọ́la.

Neville mú ìwé Glenys lọ sí ọ́fíìsì àjọ ìdìbò. Obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ti jókòó ní kíláàsì Glenys rí. Ó wo nọ́ńbà kìíní yẹn pẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú òǹtẹ̀, ó sì lù ú mọ́ ọn: Ó TI PẸ́ JÙ.