Ẹnìkẹfà Tó Wọṣọ Funfun ní Tamarack

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bá àwọn ará Tamarack jiyàn, èmi ò ráyè ìjà. Ìlú ló wà ní ìjókòó nígbà tó ṣẹlẹ̀, ojú kedere sì ni gbogbo wọn fi rí i. Mi ò bu iyọ̀ sí i rárá.

Lyle Brandvold ni kóòṣì ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tó wà nílùú náà, nínú òtútù North Dakota. Ọkùnrin tó dá ara rẹ̀ lójú ni. Láti oṣù kọkànlá tí eré bẹ̀rẹ̀ ló ti ń sọ fún àwọn oníròyìn pé ọdún yìí ni Tamarack máa wọ ìdíje ńlá oṣù kẹta, ibi tí wọn ò dé rí. Àwọn oníròyìn rẹ́rìn-ín. Nínú líìgì kékeré bíi tiwọn, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó bá gba ife ló ń lọ. Àwọn yòókù á padà sílé lọ fọ aṣọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni Tavion Mabry, ọmọ ìlú Gary, olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé, wọn kì í sì í gbá ọdún karùn-ún ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí wọn ò bá wọlé lọ́dún yìí, ó parí fún un nìyẹn.

Oṣù kìíní wọlé, ni Tamarack bá bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn ẹgbẹ́ yòókù. Wọ́n nà wọ́n nílé, wọ́n nà wọ́n lóko.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Arne Tollefson, igbákejì kóòṣì, ń wo fídíò eré àná gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Ó dá a dúró. Ó pe ọ̀gá rẹ̀.

"Kóòṣì, ẹ ka àwọn tiwa."

Brandvold kà wọ́n. Mẹ́fà ni wọ́n, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun. Márùn-ún ló yẹ kó wà lórí pákó tí wọ́n ti ń gbá a. Ẹnìkẹfà kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ kò sì ní nọ́ḿbà. Wọ́n yẹ àwọn fídíò tó kù wò. Nínú gbogbo eré tí wọ́n ti borí, ó wà níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn.

Wọ́n pe àwọn ọmọ.

"Mo rò pé Emmett ló ń ju bọ́ọ̀lù sí mi," Tavion sọ.

"Èmi kẹ̀?" Emmett, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù, dáhùn. "Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà, mò ń mumi."

Ara Arne bù máṣọ. Ṣùgbọ́n Brandvold bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó ń bá wa gbá bọ́ọ̀lù, tí kò jẹun wa, tí kò gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ wa. Kí ló fi ṣe wá? Ẹ fi í sílẹ̀."

Wọ́n fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe ìdánrawò, tí kóòṣì sì fọn fèrè, gbogbo bàtà á dúró. Ẹsẹ̀ kan á ṣì máa han fín-ín, fín-ín lórí pákó. Lẹ́yìn náà, òun náà á dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀yìn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn nígbà tó ń borí?

Báyìí ni wọ́n ṣe dé àṣekágbá líìgì, lọ́jọ́ Sátidé. Eré náà le. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n sì ń fi àmì ayò kékeré lé ara wọn. Àwọn rẹfirí a máa ka agbábọ́ọ̀lù kí wọ́n tó gbé bọ́ọ̀lù lé wọn lọ́wọ́. Rẹfirí na ìka, ó kà. Ó dúró. Ó tún un kà, ó sì fọn fèrè.

"Ẹ ti pọ̀ jù lórí pákó. Mẹ́fà ni yín."

"Mẹ́fà báwo? Ẹ lajú yín kẹ̀!" Brandvold jágbe.

"Ojú mi là. Mẹ́fà ni mo kà."

Ó fún àwọn ọ̀tá ní ìjù ọ̀fẹ́, ó sì gbé bọ́ọ̀lù lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi àmì kan ṣíwájú. Nígbà tí bọ́ọ̀lù padà kan Tamarack, ìka rẹfirí tún gbéra. Bó bá tún ka mẹ́fà, ó tán. Brandvold wò yíká, òógùn bo ojú rẹ̀. Tavion ti rú òfin eré lẹ́ẹ̀mẹrin, ìkarùn-ún ló ń lé èèyàn jáde.

"Tavion, wá jókòó."

"Ta ló ń bọ̀ nípò mi?"

"Mo ní o jókòó."

Tavion jókòó. Kò sẹ́ni tó dìde. Rẹfirí kà wọ́n, ó pé márùn-ún lójú rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù lé wọn lọ́wọ́. Àwọn òǹwòran ń pariwo pé, "Mẹ́rin ni yín! Ẹ ku mẹ́rin!" Emmett ju bọ́ọ̀lù sí igun tí kò sí ènìyàn. Bọ́ọ̀lù náà dúró nínú afẹ́fẹ́, níbi tí àyà ènìyàn máa ń wà. Bọ́ọ̀lù padà sọ́wọ́ Emmett, ó sì sọ ọ́ sínú àwọ̀n bí fèrè ìparí ṣe ń dún.

Ilé ò gba Brandvold, ọ̀nà ò gbà á. Ó lọ bá Tavion lórí bẹ́ǹṣì, ó gbá a léjìká.

"A ti wọlé! Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ ni màá kọ́kọ́ fi sórí pákó."

"Bí ẹni yẹn kò bá wá gbà láti kúrò nípò mi ńkọ́, Kóòṣì?"

"Èmi ni kóòṣì. Á kúrò."

Lọ́jọ́ kejì, Sọ́ńdè, wọ́n kó ìlú jọ sínú gbọ̀ngàn eré láti gbọ́ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó wọ ìdíje, bí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe máa ń ṣe. Àwọn ọmọ jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n ńlá, kámẹ́rà sì kọjú sí wọn. Brandvold fa Tavion sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó sì gbé apá lé e léjìká. Inú rẹ̀ dùn sí ọmọ náà gan-an.

Wọ́n pe Tamarack. Gbogbo ilé gbéra sókè. Àwòrán àwọn fúnra wọn yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń fò, wọ́n ń dì mọ́ra wọn.

Fóònù Tavion dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti Gary.

"Tavion, ìwọ dà? Gbogbo wọn ni mò ń rí."

"Màmá, mo wà níwájú. Ẹ̀gbẹ́ Kóòṣì gan-an."

"Rárá o. Ọmọ kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kóòṣì. Ó kẹ̀yìn sí wa."

Brandvold gbójú sókè wo tẹlifíṣọ̀n. Ó rí ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, apá rẹ̀ wà léjìká ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun tí kò ní nọ́ḿbà. Ẹni náà ń yí ojú bọ̀ sọ́dọ̀ kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀.

"Kóòṣì," Tavion sọ, ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù mí sílẹ̀."

Brandvold di èjìká náà mú pinpin. Ó tutù bíi yìnyín. Kò lè bojú wo ẹ̀gbẹ́.