Àtẹ̀jíṣẹ́ tí Ọmọ́wùnmí Kò Rí Kà

Òógùn ń kán láti àgbọ̀n ọkùnrin náà sórí kọ̀ǹpútà, kò sì mọ̀. Bí Ọmọ́wùnmí ṣe kọ́kọ́ rí Zikrullah nìyẹn.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Igando ni Ọmọ́wùnmí ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Lójijì, gbogbo orúkọ tó ní àmì ohùn dàrú. Orúkọ bí Ọláídé di jágbajàgba tí ẹnu ò lè pè. Wọ́n bá ránṣẹ́ pe Zikrullah, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Ayọ̀bọ̀.

"Ta ló ṣépè fáwọn ọmọ wa?" Ọmọ́wùnmí bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe èpè. Nọ́ńbà nìkan ni kọ̀ǹpútà gbọ́. Tó bá ń tọ́jú ọ̀rọ̀, á sọ lẹ́tà di nọ́ńbà. Òfin tó fi sọ ọ́ di nọ́ńbà ló gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́ padà di lẹ́tà. Òfin méjì ni ètò yín ń lò."

"Kò yé mi."

"Ẹ jókòó tì mí, á yé yín."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó tì í. Ti kọ̀ǹpútà yé e díẹ̀. Ohun tó ń ṣe ọkàn rẹ̀ ni kò yé e rárá.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ti ń fẹ́ra kí ìyá Ọmọ́wùnmí, oníṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, tó gbọ́.

"Zikrullah? Mùsùlùmí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá kàn ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Ọmọ́wùnmí ní kí Zikrullah jẹ́ kóun ronú lórí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn ná. Lọ́sẹ̀ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Fóònù Ọmọ́wùnmí ti gbó, kò mọ àmì ohùn. Àpótí kéékèèké ló dípò gbogbo lẹ́tà tó ní àmì, èyí tó ṣẹ́ kù ò ṣe é kà. Ṣé ó ń bínú ni? Àbí ó dágbére ni? Ìtìjú ò jẹ́ kó béèrè.

Lọ́jọ́ Àìkú, tìyá tọmọ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé láìwọ bàtà. Zikrullah ló wà lẹ́nu géètì.

"Ta ló ní kó o wá?" ni ìyá wí.

"Mo kọ ọ́ ránṣẹ́, mà. Ṣé kò dé ni?"

Ọmọ́wùnmí na fóònù sí i. Ó wò ó, ojú tì í. "Èmi tí mò ń tún tẹlòmíì ṣe."

"Fẹnu sọ ohun tó o kọ," ni ìyá wí.

Ó dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn. "Mo ní mò ń bọ̀ wá tọrọ Ọmọ́wùnmí lọ́wọ́ yín. Mi ò ní ní kó fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Màá máa kírun mi, mà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Mi ò tíì mọ̀, mà."

Ìyá wò ó títí. "Ó kúkú sòótọ́. Èmi náà ò mọ̀." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọwọ́ rẹ lèsì wà."

Orí Ọmọ́wùnmí ṣì dàrú. Síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀, ó gbọn iyanrìn kúrò níwájú orí Zikrullah.

"Mo gbà," ó ní. "Dìde jàre, àwọn ará àdúgbò ń wò wá."